Láti Yanrìn Sàhárà Dé Àgbàlá Olówó: Ìtàn Àwọn Alùpùpù Ìrìn-Àjò Ńlá

Bí ènìyàn bá dárúkọ "Boxer" ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Mushin, kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí ilẹ̀ Jámánì. Alùpùpù kékeré tí ilé-iṣẹ́ Bajaj ti ilẹ̀ Íńdíà ń ṣe ni gbogbo ènìyàn yóò rò, èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń gbé èrò méjì pẹ̀lú àpò gààrí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń gun alùpùpù ńlá rin ìrìn-àjò jíjìn, ọ̀rọ̀ kan náà ní ìtumọ̀ mìíràn. Ẹ́ńjìnì BMW ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: ẹ́ńjìnì onísìlíńdà méjì, ọ̀kan nà sí ọ̀tún, èkejì nà sí òsì, tí písítìnì méjèèjì ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń padà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọwọ́ abẹ̀ṣẹ́ tó ń múra ìjà. Boxer ti Íńdíà kò ju nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n Boxer ti Jámánì lọ. Ní ti owó, kò tilẹ̀ yẹ kí a fi wọ́n wéra.

Ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ ra irú alùpùpù ńlá bẹ́ẹ̀, yálà wọ́n wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ju ọ̀kan lọ: èwo ló dára jù? Ṣé BMW GS ni, àbí Honda Africa Twin, àbí Yamaha Ténéré, àbí KTM Adventure? Àwọn tó ń tà wọ́n ní ìdáhùn tiwọn. Wọ́n á ka agbára ẹ́ńjìnì, wọ́n á sì ka iye iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ lè ṣe. Àwọn tó ti gùn wọ́n kọjá ibi tí títì ọlọ́dà pin sí ní ìdáhùn tó yàtọ̀. Lójú tèmi, ìtàn ti dáhùn ìbéèrè náà tipẹ́, bí a bá fara balẹ̀ kà á. Kì í ṣe títóbi alùpùpù ló ń múni délé. Ohun tó ń múni délé ni pé kí ẹni tó gùn ún lè gbé e dìde bó bá ṣubú, kí ẹni tó bá pàdé lọ́nà sì lè tún un ṣe bó bá bàjẹ́.

Àwọn Tó Ti Rìn Ṣáájú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi alùpùpù la ayé já kí ilé-iṣẹ́ kankan tó ronú láti ṣe èyí tí a lè pè ní alùpùpù ìrìn-àjò. Carl Stearns Clancy, ọmọ Amẹ́ríkà, gun alùpùpù Henderson yí ayé ká láàárín ọdún 1912 sí 1913. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1934, àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Theresa Wallach àti Florence Blenkiron, gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù lórí alùpùpù Panther 600 cc. Ìjókòó ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ wà lára rẹ̀, ó sì ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù lẹ́yìn. (Iye cc ni a fi ń mọ bí inú sìlíńdà ẹ́ńjìnì ṣe fẹ̀ tó, ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tiwa kò ju 100 sí 150 lọ.) Wọ́n la Sàhárà kọjá. Ẹ́ńjìnì wọn daṣẹ́ sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀, Agadez ní ilẹ̀ Niger ni wọ́n sì ti tú u palẹ̀, tí wọ́n tún un tò. Wọ́n gba Kano kọjá lórí ilẹ̀ tiwa níbí, wọ́n sì dé Cape Town ní oṣù Keje ọdún 1935. Wallach ti kọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí kò bá mọ inú ẹ́ńjìnì rẹ̀, Agadez ni ìrìn náà ì bá parí sí.

Ní ọdún 1973, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Ted Simon gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù lórí Triumph 500 cc. Ọdún mẹ́rin ló lò lójú ọ̀nà, ó dé orílẹ̀-èdè 45, ìrìn rẹ̀ sì ju 100,000 kìlómítà lọ. Ìwé tó kọ jáde ní ọdún 1979, Jupiter's Travels, ti rán ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sójú ọ̀nà láti ìgbà náà. Ní ọdún 1982, Elspeth Beard, tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, gun BMW R60/6 tí wọ́n ti ṣe ní ọdún 1974 kúrò nílé. Nígbà tó fi máa padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1984, ó ti rin nǹkan bí 56,000 kìlómítà.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn alùpùpù wọ̀nyí tí wọ́n ṣe fún aginjù. Alùpùpù ojú títì lásán ni wọ́n, ẹ́ńjìnì wọn kò sì díjú. Ẹni tó bá ní sípánà, wáyà àti sùúrù lè tún wọn ṣe lábẹ́ igi. Ohun tí àwọn arìnrìn-àjò ìgbà náà ní lọ́pọ̀lọpọ̀ kì í ṣe agbára ẹṣin. Ìmọ̀ nípa ohun tí wọ́n gùn ni.

Bí Sàhárà Ṣe Bí Wọn

Ní ọdún 1977, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Thierry Sabine, sọnù pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀ nínú aṣálẹ̀ Líbíà nígbà ìdíje láti Abidjan sí Nice. Wọ́n rí i, wọ́n gbà á là, ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978, ó kó àwọn eléré jọ ní Paris, ó sì dojú wọn kọ Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, ìrìn nǹkan bí 10,000 kìlómítà. Ọkọ̀ àti alùpùpù 182 ló gbéra. 74 péré ló dé Dakar. Ẹni tó ṣáájú gbogbo wọn, títí kan àwọn tó wa mọ́tò, ni Cyril Neveu lórí Yamaha XT500. Alùpùpù onísìlíńdà kan ṣoṣo ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ta á kó tó ṣiṣẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ. Neveu tún gbégbá orókè ní ọdún 1980. Ní ọdún 1983, Yamaha gbé XT600Z jáde pẹ̀lú táńkì epo ńlá, ó sì sọ ọ́ ní Ténéré, orúkọ apá aṣálẹ̀ kan ní ilẹ̀ Niger.

Ní àkókò kan náà, ọjà alùpùpù BMW ti ń lọ sílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ Jàpáánù ti gba oníbàárà lọ́wọ́ wọn, ó sì ku díẹ̀ kí ẹ̀ka alùpùpù náà wọ gbèsè tí kò ní í jáde mọ́. Ní ọdún 1980 ni wọ́n gbé R80 G/S jáde. G dúró fún Gelände, ìyẹn ilẹ̀ gbágungbàgun. S dúró fún Straße, ìyẹn ojú títì. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 798 cc, agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 50, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí kílò 186. Nígbà náà, àwọn ènìyàn wò ó bí ohun tó tóbi jù fún igbó. Ṣùgbọ́n Hubert Auriol, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní Addis Ababa, fi BMW gba Paris–Dakar ní ọdún 1981, ó sì tún un ṣe ní ọdún 1983. Gaston Rahier láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù gbà á ní ọdún 1984 àti 1985. Ọkùnrin kúkurú ni Rahier. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tó ilẹ̀ bó bá jókòó sórí alùpùpù ìdíje náà. Ohun tó mú un borí ni pé ó ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ìdíje orí ilẹ̀ gbágungbàgun pẹ̀lú alùpùpù 125 cc. Ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń darí kékeré ló wá darí ńlá.

BMW kò jẹ́ kí àǹfààní náà bọ́. Wọ́n gbé irú R80 G/S kan jáde tí wọ́n pè ní Paris-Dakar, táńkì rẹ̀ ń gba lítà epo 32. Báyìí ni ọjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀: ẹni tí kò ní í dé Sàhárà láéláé lè ra alùpùpù tó jọ èyí tó borí níbẹ̀. Mo sọ pé "tó jọ" nítorí pé èyí tí eléré ń gùn àti èyí tí wọ́n ń tà fún ará ìlú kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì àkànṣe ni ti eléré ti ń jáde, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gbé páàtì tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Honda náà wọ̀ ọ́. Alùpùpù NXR750 tí wọ́n ṣe fún ìdíje gba ipò kìíní léraléra láti ọdún 1986 sí 1989. Ní ọdún 1988, wọ́n gbé XRV650 jáde fún ará ìlú, wọ́n pè é ní Africa Twin. Lẹ́yìn wọn, Yamaha tún padà wá gba ipò wọn, Stéphane Peterhansel sì gbégbá orókè lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọdún 1991 sí 1998. Nígbà tó di ọdún 2001, KTM ti ilẹ̀ Ọ́síríà gba ìdíje náà lọ́wọ́ gbogbo wọn, kò sì fi í sílẹ̀ títí di ọdún 2019.

Ìgbéraga àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ní iye tí wọ́n san fún un, kì í sì í ṣe àwọn nìkan ló san án. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 1986, hẹlikópítà tí Sabine wà nínú rẹ̀ já lulẹ̀ ní ilẹ̀ Màlì. Òun àti ènìyàn mẹ́rin mìíràn kú, títí kan olórin Daniel Balavoine. Fabrizio Meoni, tó ti fi KTM borí ní ọdún 2001 àti 2002, kú sójú ọ̀nà ní Mọriténíà ní ọdún 2005. Àwọn ará abúlé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kú pẹ̀lú, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn wọ̀nyí kò forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje kankan. Nígbà tí wọ́n pa àwọn arìnrìn-àjò Faransé mẹ́rin ní Mọriténíà ní ìparí ọdún 2007, wọ́n fagi lé ìdíje ọdún 2008 pátápátá. Ní ọdún 2009, wọ́n gbé e lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, láti ọdún 2020 ó sì ti wà ní Saudi Arabia. Síbẹ̀, Dakar ni wọ́n ṣì ń pè é.

Yorùbá ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n fi ta àwọn alùpùpù yìí: Africa Twin, Ténéré, Dakar. Ilẹ̀ wa ni wọ́n fi polówó ọjà. Ṣùgbọ́n ní ọjà Agadez tàbí ní abúlé Màlì, alùpùpù kékeré ni àwọn ènìyàn fi ń lọ sóko, tí wọ́n fi ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn. Ó yẹ kí èyí mú ẹni tó fẹ́ ra ńlá ronú. Àwọn tó ń gbé lórí yanrìn náà gan-an kò yan ohun tó wúwo.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Wúwo Sí I

Láti ìgbà náà, àwọn alùpùpù yìí kò dẹ́kun dídàgbà. R80 G/S fi àyè sílẹ̀ fún R100GS ní ọdún 1987. R1100GS dé ní ọdún 1994: agbára ẹṣin 80, kílò 243. Ó ku díẹ̀ kí ó pé àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún, kí a tó di ẹrù kankan lé e. R1150GS tẹ̀ lé e ní ọdún 1999, R1200GS dé ní ọdún 2004, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ nínú ní ọdún 2013, R1250GS tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n fi R1300GS hàn: agbára ẹṣin 145, kílò 237. Láti 50 dé 145, agbára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún 43. Ojú ọ̀nà Sàhárà kò yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sọ GS di orúkọ inú ilé ni ètò orí tẹlifíṣọ̀n kan. Ní ọdún 2004, àwọn òṣèré méjì, Ewan McGregor àti Charley Boorman, gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù gba Yúróòpù, Rọ́ṣíà àti Mòngólíà dé New York. KTM ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ bá rìn. KTM kọ̀, BMW gbà, ó sì fún wọn ní R1150GS Adventure. Lẹ́yìn ètò náà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti ń wọ ọjọ́ orí, tí owó sì wà lọ́wọ́ wọn, ni àlá ojú ọ̀nà wọ̀ lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìrìn náà tí ìpolówó ọjà kì í mẹ́nu kàn. Ní Mòngólíà, férémù alùpùpù Claudio von Planta, ayàwòrán tó ń bá wọn rìn, ya. Wọ́n ní láti fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé BMW náà lọ síbi tí wọ́n ti lè tún un ṣe. Kí ìrìn má baà dúró, Claudio ra alùpùpù IZH ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ìlú kan níbẹ̀, onísìlíńdà kan ṣoṣo, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ BMW. IZH yìí kò lẹ́wà, ó sì ń dákú lójú ọ̀nà. Àmọ́ ohun tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ ni. Bó bá bàjẹ́, wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa fọwọ́ kàn. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni yóò ràn wá lọ́wọ́ láti lóye ohun tí àwọn tó ni àwọn alùpùpù yìí ń sọ.

Ohun Tí Àwọn Tó Ni Wọ́n Ń Sọ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí GS. Àwọn tó ń gùn ún kì í yéé yìn ín. Nítorí pé sìlíńdà rẹ̀ nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ kò ga. Kì í fì bí ènìyàn bá ti gbéra. Kò ní ṣéènì tí a ní láti máa fi òróró pa. Ọ̀pá ṣáàfù ló ń yí wíìlì ẹ̀yìn. Ẹni ọgọ́ta ọdún lè jókòó lórí rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kí ẹ̀yìn má dùn ún. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni yóò sọ fún ọ pé ibi tí ṣáàfù ti pàdé wíìlì ẹ̀yìn máa ń bàjẹ́ lára àwọn R1200GS àkọ́kọ́, àti pé kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí pọ́ọ̀ǹpù epo rẹ̀ lè kú lójijì. Bó bá kú nítòsí Munich, wàhálà wákàtí méjì ni. Bó bá kú láàárín Kíṣí àti Kaiama, ọ̀rọ̀ di ti ọkọ̀ akẹ́rù.

Africa Twin àtijọ́, 650 àti 750, ní orúkọ rere tó ṣọ̀wọ́n. Àwọn kan ti fi rin ọ̀kẹ́ àìmọye kìlómítà láìtú ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ibi tí wọ́n mọ̀ pé ó kù sí ni pọ́ọ̀ǹpù epo àti ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n iná tó ń lọ sínú bátìrì; nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á fi èyí tó ṣì dára sínú àpò kó tó gbéra. Àìsàn tí a mọ̀ ní oògùn. Honda dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọdún 2003, ó sì gbé orúkọ náà padà ní ọdún 2016 pẹ̀lú CRF1000L. Ẹni tó bá fẹ́ lè ra èyí tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, láìsí kílọ́ọ̀ṣì. Lára èyí tó kọ́kọ́ jáde, àwọn oníbàárà ní Yúróòpù ráhùn pé sípóòkù inú wíìlì rẹ̀ ń dípẹtà, wọ́n sì ráhùn pé táyà onítíùbù ni. Ẹ̀sùn kejì yìí fẹ́ àlàyé. Lójú títì dáadáa, táyà aláìnítíùbù rọrùn jù, a kàn lè kì í lójú. Ṣùgbọ́n bí kòtò bá tẹ etí wíìlì, afẹ́fẹ́ kò ní í dúró nínú rẹ̀, nígbà tí fọ́kánáísà ẹ̀bá ọ̀nà èyíkéyìí lè lẹ tíùbù pọ̀, kí o sì máa bá tìrẹ lọ. Ohun kan náà jẹ́ àbùkù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jẹ́ àǹfààní ní Bàrùbá.

KTM ni ti ẹni tó fẹ́ràn igbó gan-an. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tó yá bí i lórí yanrìn àti òkúta nínú àwọn ńlá wọ̀nyí, nítorí pé ojú ìdíje ni wọ́n ti mú 950 Adventure jáde ní ọdún 2003. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìtọ́jú bí ọmọ tuntun, òórù ẹ́ńjìnì àwọn kan nínú wọn sì ń jó itan ẹni tó gùn ún, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tó mọ oríta Ojúẹlẹ́gbà ní ọ̀sán yóò mọ ohun tí mo ń sọ.

Yamaha ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tó hàn gbangba jù. Ní ọdún 2010, wọ́n gbé Super Ténéré 1200 jáde láti bá GS du ọjà. Ó lágbára, kì í bàjẹ́, àwọn tó ni ín sì fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n kílò 261 ni. Ó ju àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún lọ. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Ténéré 700 jáde: 689 cc, agbára ẹṣin 73, nǹkan bí kílò 204, ohun tó jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà lára rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn kan rò pé ẹni tó ti gun 1200 kò ní í padà sí 700. Òdì kejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò tà ńlá, wọ́n ra kékeré. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ni pé ìjókòó rẹ̀ ga fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú.

Ọ̀rọ̀ gíga yìí náà ti di ọjà. Láti ọdún 2021, Harley-Davidson ń ta Pan America tó lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá fẹ́ dúró, kí ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún lè tó ilẹ̀. BMW náà ti fi irú rẹ̀ sí R1300GS fún ẹni tó bá fẹ́ san àfikún owó. Ọgbọ́n dáadáa ni. Ṣùgbọ́n Rahier, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó ilẹ̀, gba Dakar lẹ́ẹ̀mejì láìsí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, páàtì kan tó lè kú sì ti tún dé lára alùpùpù.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Kò sí ẹni tó gun alùpùpù ńlá wọ inú yanrìn tàbí ẹrẹ̀ tí kò ní í ṣubú. Nígbà tó bá ṣubú, agbára ẹṣin 145 kò ní í gbé e dìde. Ọwọ́ àti ẹ̀yìn ẹni tó gùn ún ló máa gbé e, pẹ̀lú àpótí ẹrù méjì àti táńkì tó kún, lábẹ́ oòrùn. Ìgbà àkọ́kọ́ rọrùn, ìgbà karùn-ún lọ́jọ́ kan náà ni ènìyàn ń mọ ohun tó rà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti rìn jìnnà fi ń sọ ohun kan náà bí wọ́n bá dàgbà nínú iṣẹ́ náà: ẹrù díẹ̀, ẹ́ńjìnì kékeré, ìmọ̀ púpọ̀.

Ọjọ́ Mẹ́ta ní Èkó

Ìtàn yìí kan àwa náà. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2022, Kúnlé Adéyanjú gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù lórí alùpùpù, ó ń bọ̀ wá sí Èkó. Owó ló fẹ́ kó jọ fún ìsapá ẹgbẹ́ Rotary láti pa àrùn rọpárọsẹ̀ rẹ́ láyé. Ó la aṣálẹ̀ kọjá, ó sì wọ Èkó lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ 41 ló fi rìn ín. Èrò tú jáde láti pàdé rẹ̀, ìwé ìròyìn kún fún orúkọ rẹ̀, inú wa sì dùn pé ọmọ wa ló ṣe é.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta péré, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Island àti Lagos Mainland. Ìjọba ní ìdí tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ààbò àti ìjàǹbá wà nínú rẹ̀, n kò sì ní í sọ pé ìdí náà kò nílárí. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni bí ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan náà ṣe ní ojú méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Níwájú ọ̀kan, a pàtẹ́wọ́. Níwájú èkejì, a nàka ẹ̀sùn. Orúkọ ọ̀kadà fúnra rẹ̀, láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air ti olóyè Gabriel Igbinedion ni àwọn ará ìlú ti fi ẹ̀fẹ̀ mú un, nítorí pé ó ń "fò" kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Òfin ìrìnnà Èkó ti ọdún 2012 pàápàá ya alùpùpù tó tó 200 cc tí wọ́n fi ń jíṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀kadà lásán. Iye cc ti di ààlà láàárín ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sójú títì àti ẹni tí kò ní.

Bẹ́ẹ̀, bí GS olówó bá dákú lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ọlọ́kadà ni, pẹ̀lú mẹkáníìkì rẹ̀ tó ń fi ìka mọ ibi tí iná kò dé nínú ẹ́ńjìnì, tó ń fi ọ̀já tíùbù àtijọ́ di ohun tó já. Ogún ìmọ̀ tí Theresa Wallach lò ní Agadez ní ọdún 1935 wà lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí lónìí, lábẹ́ igi odán, lójoojúmọ́. Ohun tí wọn kò ní ni kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó lè ka àṣìṣe inú R1300GS. Àwọn tó ṣe alùpùpù náà ni wọ́n pinnu pé kí wọ́n má ní in.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní owó láti ra alùpùpù ìrìn-àjò ńlá, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Owó rẹ̀ ni, ayọ̀ rẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n kó tó béèrè èwo ló lágbára jù, kó kọ́kọ́ dá a dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kó wò ó bóyá òun nìkan lè gbé e dìde. Kó béèrè ta ni yóò tún un ṣe ní ìlú tó sún mọ́ ibi tó ń lọ, kì í ṣe ní olú ìlú nìkan. Kó wá àwọn tó ti ni ín fún ọdún márùn-ún, kó bi wọ́n ohun tó ti bàjẹ́, nítorí pé ẹni tó rà á lánàá kò tíì mọ nǹkan kan. Kó sì béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá ojú ọ̀nà tó fẹ́ rìn nílò ju 700 cc lọ.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ó dà bí ẹni pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti ń wẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. Yamaha ti padà sí kékeré, R1300GS pàápàá sì fi kílò 12 fúyẹ́ ju R1250GS tó rọ́pò rẹ̀. Àwọn oníbàárà ló fa èyí, àwọn tó ti gbé ohun tó wúwo dìde nínú ẹrẹ̀ tó sì ti sú wọn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, a kì í sì í mọ alùpùpù tó dára títí di ìgbà tó bá bàjẹ́ níbi tó jìnnà sílé.